Bí Mo Ṣe Bá Ummu Kàwé Nígbà Tí Wọ́n Di Ojú Rẹ̀

Àtìní, 9 Júùnù 2025

Iléyá ti kọjá, ẹran ṣẹ́ kù nínú fìríìsà, iná kò sí. Lónìí ni mo bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí. Èmi Alhaji Sàlàhúdíìnì, tí mo ti ìdí fífọ́ òkúta dé ìdí típà mẹ́rin, tí mo kọ́lé sí Adigbe láìsí pé ẹnikẹ́ni fi bíríkì kan ràn mí lọ́wọ́, èmi ni mo fẹ́ bá Ummulkulthum ọmọ ọmọ mi kàwé. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà sọ lọ́la pé òun ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ náà lójú, wọ́n sì di méjèèjì. Dókítà ní kò gbọdọ̀ kàwé, kò gbọdọ̀ wo fóònù, kò gbọdọ̀ tẹrí ba, títí òun yóò fi tú u. Ìdánwò rẹ̀ sì ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Sosiọ́lọ́jì ni wọ́n ń pè é, ìmọ̀ nípa bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbé pọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fìdí rẹmi nínú rẹ̀. Abdulbaqi bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́ lójú gbogbo wa: bó bá tún fìdí rẹmi, tàbí tí kò bá lè jókòó ṣe é, ilé ìwé ti parí, kí ó wá lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ.

Ó ní, “Èmi àti ìyá rẹ̀ ò lè máa jí ní ìdájí lọ wọkọ̀ Èkó ní Kuto lójoojúmọ́, kí ẹnì kan máa fi owó náà ṣeré.”

Ọmọ ń sunkún. Dókítà sì ní kò gbọdọ̀ sunkún.

Mo ní, “Èmi á kà á fún un.”

Abdulbaqi rẹ́rìn-ín. “Bàbá, ìwé kejì lẹ kà.”

Mo ní, “Ìwé kejì tí mo kà yẹn ló bí yunifásítì tìrẹ.”

Àtàláátà, 10 Júùnù

Òjò láti àárọ̀. Ojú ìwé kan ṣoṣo la kà títí wọ́n fi pe ìrun àílà. Gẹ̀ẹ́sì náà dà bí òkúta wẹ́wẹ́ lẹ́nu. Èyí tí mi ò bá lè pè, mo ń pe lẹ́tà rẹ̀ fún Ummu lọ́kọ̀ọ̀kan, òun a so ó pọ̀, a sì sọ ọ́ ní Yorùbá fún mi. Lẹ́tà mẹ́tàlá nínú ọ̀rọ̀ kan! Nígbà tí a fi máa tú u, bí ilé, ilé kéú, ilé ìwé àti ẹgbẹ́ ṣe ń sọ ọmọ di ènìyàn ni.

Mo ní, “Wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ yín lórí èyí? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ó parí.”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kà á lọ.”

Bùsírátù ìyàwó mi ní kí a jẹ́ kí fóònù máa kà á. Fóònù kò mọ ọwọ́ ìkọ̀wé Ummu. Èmi mọ̀ ọ́n. Ó dà bí ẹsẹ̀ adìyẹ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n.

Àlàmísì, 12 Júùnù

Orí fífọ́. Ojú ìwé mẹ́ta. Oògùn tí wọ́n ń kán sójú ọmọ ti tún gbówó lérí.

Àlàádì, 15 Júùnù

Òyìnbó mẹ́ta ló ń bá ara wọn jà nínú ìwé yìí, mi ò lè pe orúkọ ọ̀kankan nínú wọn. Ti ilẹ̀ Faransé ní ìlú dà bí ara ènìyàn, ọwọ́ ní iṣẹ́ tirẹ̀, ìfun ní iṣẹ́ tirẹ̀. Èyí yé mi. Bí agbo ilé wa ní Òwu ṣe rí nìyẹn. Olórí ẹbí, àwọn ọmọ osú, àwọn ìyàwó ilé, olúkúlùkù ló ní ohun tó ń gbé. Bí àwọn ọmọ osú bá bínú tí wọn ò wá sí ìsìnkú, gbogbo ilé ló máa ń ro.

Èkejì ní irùngbọ̀n púpọ̀. Ó ní ìjà ni ayé. Ó ní ẹni tó ni ibi òkúta ń jẹ òógùn ẹni tó ń fọ́ ọ. Inú bí mi.

“Ta ló ń bú? Mo fọ́ òkúta, mo sì ra ibi òkúta.”

Ummu ní, “Bàbá, nígbà tí ẹ wá ra ibi òkúta, ta ló ń fọ́ ọ?”

Mo ní kí a lọ sórí ẹ̀kẹta. Ó ní ẹ̀kẹta di ọjọ́ mìíràn.

Àtìní, 16 Júùnù

Lónìí, ipò méjì: èyí tí wọ́n bí mọ́ni, bí ọmọ ọba, àti èyí tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá. Mo ní kí ó fi mí ṣe àpẹẹrẹ èkejì nínú ìdánwò, kí ó kọ orúkọ mi kí ó pé.

Bùsírátù gbọ́ láti ilé ìdáná. “Ta ni? Ọkùnrin tí ìyá rẹ̀ ń gbé oúnjẹ lọ bá níbi òkúta lójoojúmọ́ títí tó fi gbéyàwó! Ummu, má kọ irọ́ sínú ìdánwò o.”

Mo ṣí ojú ìwé tó kàn.

Jímọ̀, 20 Júùnù

Òyìnbó kẹta. Ó ní kò sí ẹni tó dá mọ ara rẹ̀. Ó ní ojú àwọn ẹlòmíràn ni dígí wa: bí wọ́n ṣe ń wò ọ́ ni wàá ṣe máa rò pé o rí. Bí wọ́n bá ń wò ọ́ bí olówó, wàá máa rìn bí olówó. Mo ní kì í ṣe èmi. Mo ti mọ ara mi kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ mí. Nígbà tí mo ń fọ́ òkúta nínú ṣòkòtò kan, olówó ni mo mọ̀ pé mo jẹ́.

Ummu fọwọ́ kan aṣọ tí wọ́n fi di ojú rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, láti ọjọ́ tí wọ́n ti di ojú mi, mi ò rí bí ẹnikẹ́ni ṣe ń wò mí mọ́. Mi ò mọ bí mo ṣe rí mọ́.”

Mo ka ojú ìwé mìíràn, mo ń ṣì í, kò sì tún un ṣe.

Àtìní, 23 Júùnù

Ọ̀rọ̀ dé. Olùkọ́ wọn fún wọn ní iṣẹ́ tó gba ọgbọ̀n máàkì nínú ọgọ́rùn-ún. Kí olúkúlùkù mú òfin kékeré kan tí a kò kọ síbì kankan, èyí tí gbogbo ènìyàn ń tẹ̀ lé láìronú, kí ó rú u, kí ó wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, kí ó sì kọ ọ́. Kò gbọdọ̀ pa ẹnikẹ́ni lára, kò sì gbọdọ̀ sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe tiwọn. Ọ̀kan kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn nínú ọkọ̀, ó ń wo àwọn èrò lójú. Ummu kò lè jáde. Ó pe olùkọ́ náà, ìyẹn ní kí ẹlòmíràn bá a ṣe é, kí Ummu sọ ohun tó rí kọ́ níbẹ̀.

Mo ní èmi ni ẹlòmíràn. Mo sì ti mọ òfin tí mo máa rú. Èyí tí mo mú, kò sí ọmọ iléèwé tó lè rú u.

Àtàláátà, 24 Júùnù

Mo jáde lẹ́yìn àsùbáà. Ràhámátù ẹlẹ́kọ ń gbé ike ògì bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Mo tó bí i lẹ́ẹ̀mejì. Bó ṣe ń mú orúnkún lọ sílẹ̀ láti kí mi, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, tèmi ti jalabíà funfun nínú ẹrẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé dáadáa lẹ jí, mà?”

Obìnrin náà ké bí ẹni tí ejò ṣán. Ó da ara rẹ̀ sílẹ̀, ó fẹ́ kí ara òun lọ sílẹ̀ ju tèmi lọ, ike ògì yí dànù. “Alhaji, kí ni mo ṣe? Ẹ má fi mí ré o! Ṣé torí ẹ̀kọ àná tó kan ni?” Mo tún rọ̀ mọ́lẹ̀ sí i, òun náà tún rọ̀ mọ́lẹ̀. Àwa méjèèjì ń bá ara wa díje nínú ẹrẹ̀. Nígbà tí mo dìde tí mo fẹ́ san owó ògì, ó kọ̀ ọ́. Ó ní òun kò lè gba owó lọ́wọ́ mi lónìí.

Mo wọ ọ̀kadà lọ sí Òwu. Àbúdù ọmọ àbúrò mi ń jó irin lójúde. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó fi iná sílẹ̀ tó ń ṣẹ́ná yàà, ó sá wọ mọ́sáláṣí. Nínú agbo ilé, ìyàwó tí wọ́n gbé wọlé lọ́dún tó kọjá ń gbálẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ mà.” Ó bú sẹ́kún.

Mo rò ó fún Ummu. Ó rẹ́rìn-ín títí mo fi ní kí ó rántí ojú rẹ̀. Ó ń sọ ọ́ sínú fóònù bí mo ṣe ń wí. Mo ba ìgbáròkó mi jẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ yunifásítì kan tó rú irú òfin yẹn rí ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá.

Àlàrùba, 25 Júùnù

Láti àárọ̀ ni àwọn ẹbí àti aládùúgbò ti ń wọlé. Wọn kò kí mi bí wọ́n ṣe ń kí mi tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń kí mi jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gbé ẹyin. Ọsàn, ìbẹ́pẹ, tíìnì mílíìkì. Bùsírátù ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí ilé dá. Wọ́n ní mò ń dágbére. Wọ́n ní àgbà tó bá ń dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé, ọ̀nà ọ̀run ló ti rí, àforíjì ló ń tọrọ kiri kó tó lọ.

Ó ní, “Bàbá Abdulbaqi, ẹ sọ fún mi. Ṣé ẹ lá àlá kan ni?”

Àlàmísì, 26 Júùnù

Mo kó wọn jọ, mo ṣàlàyé pé iṣẹ́ ilé ìwé ni. Ó wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n wo ara wọn. Ẹnì kan sọ ọ́ lábẹ́ ahọ́n pé, “Iṣẹ́ ilé ìwé, lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin.” Lèmọ́mù ṣàdúà gígùn. Àmín wọn wúwo.

Wọ́n ti pe Abdulbaqi níbi iṣẹ́. Ọ̀sán gangan ló dé láti Èkó, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

“Bàbá, ta ló ní kí ẹ ṣe é?”

“Èmi ni mo ní kí n ṣe é.”

“Ìwé yìí ti fẹ́ dà yín lórí rú. Ó tó gẹ́ẹ́. Ummu ò ṣe ìdánwò mọ́. Kí ara yín yá ló jẹ mí lógún.”

Ó kó gbogbo ìwé náà sínú báàgì rẹ̀. Mo fẹ́ pariwo lé e lórí. Gbogbo ilé ń wò mí bí ìgbà tí wọ́n ń wo aláìsàn, mo kàn jókòó. Ummu kò sunkún. Ó kọjú sí ògiri.

Jímọ̀, 27 Júùnù

Ní mọ́sáláṣí, wọ́n ti gbé àga kalẹ̀ dè mí. Mi ò bèèrè àga. Wọ́n ní kí n jókòó kírun. Mo jókòó. Ìgbà tí mo jókòó tán ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé orúnkún ń dùn mí.

Àlàádì, 29 Júùnù

Mo jí, mo gbọ́wọ́ lé àyà bóyá ó ń lù. Ó ń lù. Oúnjẹ kò wù mí. Ó rẹ̀ mí.

Àtàláátà, 1 Júláì

Ṣéhù wá. Èmi àti ẹ̀ jọ fọ́ òkúta nígbà èwe, kò sì tíì gbà títí dòní pé mo lówó jù ú lọ. Òun nìkan ni kò gbé èso wá.

“Sàlàhú, wọ́n ní ò ń kú.”

“Ẹnu ẹ ń rùn. Ta ló ń kú?”

“O ti rù lóòótọ́. Ṣé òótọ́ ni pé ò ń jókòó kírun?”

“Wọ́n gbé àga fún mi ni.”

“Bí wọ́n bá gbé líkàfáànì wá ńkọ́, wàá wọ̀ ọ́?”

Mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé e padà sórí, ó sì wò mí.

Ó ní, “Ìdọ̀bálẹ̀ nìkan kọ́ ló dẹ́rù bà wọ́n. O dọ̀bálẹ̀ tán, o tún wá ń ṣàlàyé jẹ́jẹ́. Abdulbaqi kó ìwé lójú ẹ, o jókòó. Ìgbà wo lo ti bú ènìyàn gbẹ̀yìn? Ìgbà wo lo ti sọ̀rọ̀ típà mẹ́rin gbẹ̀yìn? Kí lo fẹ́ kí wọ́n rò? Ìpàdé ẹbí ń bọ̀ ní Àlàádì. Lọ bú wọn.”

Ummu sọ̀rọ̀ láti inú yàrá, ohùn tí mi ò tíì gbọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó ìwé: “Bàbá Ṣéhù! Ó wà nínú ìwé wa! Ipò kọ̀ọ̀kan ló ní ìṣe tí àwọn ènìyàn ń retí lọ́wọ́ ẹni tó wà níbẹ̀!”

“Mi ò mọ ti inú ìwé, ọmọ mi. Bàbá yín ni mo mọ̀.”

Àlàádì, 6 Júláì

Ìpàdé ẹbí, Òwu. Wọ́n ti tẹ́ àga onítìmùtìmù kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé fún mi, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo wo àga náà.

Mo ní, “Ta ló kú?”

Àwọn tó jókòó dìde dúró.

“Mo ní ta ló kú tí ẹ tẹ́ àga ọ̀fọ̀? Àga mi dà? Èyí tí mo fi owó òógùn mi rà, tí ẹ̀yin ń jókòó lé jẹ̀bà bí mi ò bá sí ńlé?” Wọ́n ti ń sáré gbé e bọ̀. “Àbúdù! O fi iná sílẹ̀, o sá lọ. Bí agbo ilé bá jó ńkọ́? Bí bàbá ẹ ṣe máa ń sá nìyẹn, iṣẹ́ tàbí ìjà, sísá ni. Èmi tí mo fọ́ òkúta tí gbogbo yín ń tẹ̀ lójú títì, tí mo ní típà mẹ́rin kí èyíkéyìí nínú yín tó ní kẹ̀kẹ́, èmi lẹ fẹ́ sin láàyè! Abdulbaqi!”

“Bàbá.”

“Ìwé ọmọ dà?”

“Bàbá, ó wà nínú ọkọ̀, mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́...”

“Mo bi ọ́ ní ohun tí o fẹ́? Ìwọ lo máa yan ohun tí mo máa kà nínú ilé tí mo kọ́? Dìde, lọ gbé e wá!”

Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó sì sáré jáde. Ìyàwó tó sunkún níjọ́sí tún bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín mọ́ ọn. “Alhaji ti dé! Alhàmúdùlíláì, Alhaji wa ti padà dé!” Gbogbo wọn ń wá kí mi, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n ń tọrọ àforíjì. Àbúdù tí mo bú bàbá rẹ̀, ayọ̀ rẹ̀ ló pọ̀ jù.

Mo délé, ó rẹ̀ mí bí ẹni tó fọ́ òkúta típà kan. Ẹsẹ̀ mi kò dùn mí mọ́, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ń bú wọn, ó kàn ń jáde lẹ́nu mi ni. Lónìí mò ń gbọ́ ohùn ara mi. Mò ń wo ojú wọn bóyá ó ti tó. Ọ̀wọ̀ tí mo rò pé mo ti rà pa, ọwọ́ wọn ló wà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé e fún mi, ojoojúmọ́ ni èmi náà ń ṣiṣẹ́ ẹ̀. Mi ò sọ èyí fún Ummu. Bí mo bá sọ ọ́, á sọ ọ́ sínú fóònù.

Àtìní, 7 Júláì

A ti pàdánù ọjọ́ púpọ̀. A kà títí ohùn mi fi há. Lónìí, bí wọ́n ṣe ń lẹ orúkọ mọ́ ènìyàn tí orúkọ náà a fi di ìwà rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ń pè lólè títí, ó lè jalè. Mo ní kí ó má ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, mo ti lóye rẹ̀. Aláìsàn ni wọ́n pè mí.

Àlàrùba, 9 Júláì

Òjò. Ojú ìwé tó ṣẹ́ kù pọ̀ ju èyí tí a lè kà lọ. A fò púpọ̀.

Àlàmísì, 10 Júláì

Wọ́n tú ojú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ di í pinpin, kò fẹ́ là á. Nígbà tó là á, èmi ló wò.

“Bàbá, ẹ ti rù.”

Dókítà ní ó ríran dáadáa. Ó ní ó lè jókòó ṣe ìdánwò bó bá ń sinmi láàárín, tó sì ń wọ jígí dúdú. Bùsírátù sunkún, ẹni tí ẹnikẹ́ni kò fi òfin dè.

Àtìní, 14 Júláì

Mo sìn ín dé ẹnu géètì. Wọn kò jẹ́ kí n wọlé. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ àtíbàbà ẹni tó ń ta káàdì fóònù, òjò ń rọ̀ sí mi lẹ́sẹ̀. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ pọ́n.

“Báwo?”

“Bàbá, mi ò mọ̀. Omi ń dà lójú mi, mi ò parí ìbéèrè tó kẹ́yìn.”

A wọ ọkọ̀ délé.

Jímọ̀, 25 Júláì

Èsì kò tíì dé. Abdulbaqi ti bá aránṣọ kan sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kuto. Ó ní òun kàn bèèrè ni.

Àlàádì, 3 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ìpàdé ẹbí tún pé. A ti ń ka owó ìdájọ nígbà tí Ummu wọlé, fóònù lọ́wọ́. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó tọ́ bàbá rẹ̀ lọ, ó na fóònù sí i. Abdulbaqi wò ó pẹ́.

Ó ní, “Méjìléláàádọ́ta. Ó yege.”

Mo ní kí wọ́n kà á fún mi kí ó yé mi. Mẹ́rìnlélógún nínú ọgbọ̀n lórí ìdọ̀bálẹ̀. Méjìdínlọ́gbọ̀n péré nínú àádọ́rin tó kù. Ogójì ni wọ́n fi ń yege. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí ìka mi: bí mi ò bá nà sínú ẹrẹ̀ níwájú Ràhámátù, ó ti di aránṣọ. Abdulbaqi náà ti ṣe ìṣirò tirẹ̀. Ó wá síwájú mi, ó dọ̀bálẹ̀, kò tètè dìde.

“Bàbá, ẹ ṣeun. Mi ò sọ̀rọ̀ aránṣọ mọ́.”

Ohun tó wà lọ́kàn mi ni kí n lọ sùn. Láti ìgbà Iléyá ni mi ò ti sùn dáadáa. Mo fẹ́ ní kí wọ́n máa bá ìpàdé lọ. Mo gbójú sókè, gbogbo agbo ilé ń wo ẹnu mi. Àbúdù ń wo ẹnu mi. Ṣéhù, tó ní òun kàn ń kọjá lọ ni, ti fara ti òpó, ó ń wo ẹnu mi. Ummu náà ń wò ó, pẹ̀lú ojú rẹ̀ méjèèjì.

Mo di apá àga mú, mo dìde. Mo tún fìlà mi ṣe.

Mo ní, “Ta ló kàwé náà?”

Wọ́n ní, “Ẹ̀yin ni!”

Mo ní mi ò gbọ́ wọn.